Asẹ́ tí Bàbá Mi Wá Lára Ọkọ̀ Ìjàpá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ká gbogbo Lọ́kọ́ja, ènìyàn mélòó ni ó ní ọkọ̀ nílùú? Ẹ lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kí ẹ má rí ju ọkọ̀ ìjọba àti ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń ti etí odò bọ̀. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, gbogbo àdúgbò ni ó jọ ni ín. Bàbá mi ní ọ̀kan. Akọ̀wé ìjọba ni, ará Ìjùmú ni wá, ọkọ̀ náà ni a sì fi ń lọ sílé nígbà Kérésìmesì.

Ẹ má rò pé ó máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tún ṣe o. Fúnra rẹ̀ ni ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nílé, lábẹ́ igi máńgòrò wa. Ìdí ni pé ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí òkè kan lójú ọ̀nà Kàbà. Ẹni tí ó bá a tú u sọ fún un pé asẹ́ tí ó yẹ kí ó máa sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì ti dí pa, pé kò sí ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Nínú agolo kan tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni asẹ́ ọkọ̀ yẹn wà, kedere, ojú gbogbo ayé ló tó o. Ọjọ́ náà ni bàbá mi búra pé láyé òun, òun kò tún ní da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnnì láìpààrọ̀ asẹ́. Ó máa ń béèrè pé ta ni yóò pọn omi mímọ́ sínú ìkòkò tí a kò fọ̀.

Èkejì tí ó wá rà, ọwọ́ òyìnbó kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni ó ti rà á. Ọkọ̀ ìjàpá ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí igbá ahun, aláwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ tí ó gbé e dé, ó ṣí iwájú rẹ̀ kí àwọn aládùúgbò lè rí i, wọ́n wò ó títí, táyà kan àti àyè ẹrù ni wọ́n bá níbẹ̀. Bàbá ará Ìlọrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí ó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ àti ti mọ́tò ní ọjà tí ẹ ń pè ní Old Market lónìí, fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé òyìnbó yẹn kò ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà. Ó yẹ kí a ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ọkọ̀ yìí kò ní í jọ ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún yẹn ni mo yege ìdánwò sí ilé-ìwé àwọn obìnrin kan lọ́nà Kàbà, ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún bàbá mi pé ọmọ tí kò bá dé kí oòrùn ọjọ́ Ajé tó wọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó wà nílé ní Ìjùmú kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Lójú tirẹ̀, ìwé tí mo ti kà tó obìnrin, ó sì ti ní ìdílé kan tí wọ́n ń wò mí fún ọmọ wọn. Bí n kò bá dé ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń ná ọ̀nà wa ti lọ láàárọ̀ Sátidé, kò ní padà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ̀ bàbá mi nìkan ni a gbẹ́kẹ̀ lé.

Bàbá mi kò sì ní í rin ìrìn tó tó bẹ́ẹ̀ láìpààrọ̀ ọ́ìlì. Ní Sátidé yẹn, ó wa ọkọ̀ gun orí pákó, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, ó gba bàsíà ìyá mi, ìyá mi ń kùn. Ó ti ra asẹ́ tuntun lọ́wọ́ bàbá ará Ìlọrin, ẹni tí ó fi Ọlọ́run jẹ́rìí pé kò sí ọkọ̀ tí kò ní in. Ó tú irin róbótó kan lábẹ́ ikùn ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì dúdú dà sínú bàsíà, àwọ̀n wáyà kékeré kan sì tẹ̀lé e jáde. Bàbá mi yí i wò. Ó ní wọ́n kàn fi ìyẹn síbẹ̀ kí òkúta má baà wọlé ni. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá asẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó wá a. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó fi ọwọ́ wá a bí ẹni tí ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú kòríko. Bàbá ará Ìlọrin dé, agbádá rẹ̀ wọ́ nínú ọ́ìlì, kò rí i. Wọ́n lọ pe awakọ̀ ìjọba kan, ọmọ Ígálà, tí ó ti ń wakọ̀ láti ìgbà ogun Hítílà. Ó yí ọkọ̀ ká, ó wá fi ìka lu agolo dúdú kan lórí ẹ́ńjìnnì.

"Oga, na this one," ni ó wí. "Open am, you go see oil inside."

Wọ́n ṣí i. Òótọ́ ni, ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn, ìyá mi pàápàá jáde wá wò ó. Ṣùgbọ́n asẹ́ tuntun kò wọ inú rẹ̀, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, kò wọ̀. Bàbá mi wá fi ojú tọ pàípù tí ó ti ibẹ̀ jáde, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ni ń gba ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ni èyí ń sẹ́. Kí ni ọ́ìlì wá ń wá nínú ohun tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́?"

Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàn dúró, wọ́n ń wo agolo.

Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ṣé kò lè jẹ́ pé kò ní in ni?"

Wọ́n wò ó tàánú-tàánú. Bàbá ará Ìlọrin bi í pé, "Ìyá wọn, ṣé ẹ lè ṣe ògì láìsí asẹ́?" Ìyá mi ní rárá, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tún lọ báyìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí bàbá mi tí ó ń fi ìka ya nǹkan róbótó sí ẹ̀yìn ìwé orin. Nígbà tí a dé, ó tún padà sábẹ́ ọkọ̀. Àpótí páànù mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń wò ó, mo ń wo ẹsẹ̀ bàbá mi tí ó yọ lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Báwo ni ohun tí àgbàlagbà mẹ́ta kò rí ṣe wá di ohun tí yóò sọ mí di ìyàwó ilé? Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún asẹ́ náà pé kí ó fara hàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá mi jókòó lórí òkúta nítòsí ọkọ̀, agolo ọ́ìlì tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣí i. Ìyá mi lọ dúró níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ yìí ńkọ́?"

Bàbá mi ní, "Bí mo bá da ọ́ìlì sí i láìsí asẹ́, ọkọ̀ yìí máa kú. Bóyá kó má tilẹ̀ dé Kàbà."

"Mo gbọ́. Ọmọ yìí ńkọ́?"

Bàbá mi dìde. Ó wá dá agolo ọ́ìlì náà lu, ó sì da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì tán pátá. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n lọ wọ bàtà mi.

Ìrìn yẹn, n kò lè gbàgbé rẹ̀. Bàbá mi tí ó máa ń kọrin tí ó bá ń wakọ̀ kò kọrin. Ó ní kí n máa fetí sí ẹ́ńjìnnì, bí ohùn rẹ̀ bá yí padà kí n sọ, ṣùgbọ́n kò sọ fún mi bí ohùn ọkọ̀ tí ó fẹ́ kú ṣe ń rí, nítorí náà gbogbo ohùn ni ó ń dẹ́rù bà mí. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo òkè ni ó ń dúró, tí ó ń ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wò. Nígbà tí a dé òkè tí ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú sí, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kí ọkọ̀ náà bí a ṣe máa ń kí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo nílẹ̀ wa: "Òkun o. Òkun o." Títí a fi gùn ún tán.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a dé ilé-ìwé. Bàbá mi kò pa ẹ́ńjìnnì, ó ní bí òun bá pa á, ó lè má jí mọ́. Ojú fèrèsé ni ó ti kí mi pé kí n kàwé mi dáadáa, ó sì yí padà. Mo sunkún ní ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ yòókù rò pé ilé ni mò ń sunkún fún, àṣé bàbá mi ni mò ń rí lójú ọ̀nà, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Lọ́kọ́ja.

Ọkọ̀ náà kò kú. Ó gbé mi lọ, ó gbé mi bọ̀, títí mo fi parí ìwé, tí mo di olùkọ́. Ìgbà yẹn ni mẹ́káníìkì kan tí ó kọ́ṣẹ́ ní Kàdúná wá sọ fún bàbá mi pé irú ọkọ̀ yẹn kò ní asẹ́ tí a ń pààrọ̀, pé àwọ̀n wáyà kékeré tí ó ń fọ̀ yẹn ni gbogbo asẹ́ tí wọ́n ṣe sí i, pé eruku inú afẹ́fẹ́ ni ọ́ìlì inú agolo dúdú yẹn ń mú. Bàbá mi ní ó dára. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbà.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi tí ó ń gbé ní Ganaja lẹ́bàá Lọ́kọ́ja náà ń pààrọ̀ ọ́ìlì nílé. Ọkọ̀ méjì ni ó ní. Asẹ́ ọ̀kan wà lókè gbangba, a ń yí i kúrò bí ìdérí ìgò. Ti èkejì wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, ọ́ìlì a máa dà sí i ní ìgúnpá, òun náà a sì máa bú ẹni tí ó fi asẹ́ síbẹ̀. Ìdí tí wọn kò fi fi gbogbo rẹ̀ sí ojú kan, èmi kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ a fi ibi tí ó wà hàn án kí ó tó tẹ́ ẹní. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, bàbá yín ò kàn mọ̀ ni."

Òótọ́ ni, kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ó ṣe fi ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Lójú tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó ní láyé ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa, ó sì da ọ́ìlì náà tán, ó ní kí n lọ wọ bàtà mi.