Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Ìyá Agbẹ̀bí

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé ẹni tó bá lè jókòó sí Kétu, kó máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó wà ní Odomèta, ti gbọ́n tán. Ọ̀gá ṣì ń dán mi wò níbi iṣẹ́ nígbà náà, ó sì ti sọ ọ́ láìfi bò: bí kọ̀ǹpútà ilé ìgbẹ̀bí Odomèta kò bá ṣiṣẹ́ kí oṣù tó parí, kí n padà sóko bàbá mi. Mo to gbogbo àṣẹ tí mo fẹ́ kó tẹ̀ lé sínú fáìlì kan. Láràárọ̀, fáìlì náà á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bá a, á ní kó tẹ orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ sórí ìwé. Mo ń yan fanda.

Àmọ́ ẹ̀rọ kì í tẹ ju ìlà díẹ̀ lọ tó fi ń kú fin-ín. Lójoojúmọ́! Mo yẹ àṣẹ mi wò títí, n kò rí àṣìṣe. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, mo gun alùpùpù lọ síbẹ̀, eruku pupa bò mí látòkè délẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá agbẹ̀bí, ó fún mi lómi, mo wá ròyìn ohun tó gbé mi wá.

"Háà! Ìwọ tó mọ ènìyàn kí báyìí, ìwọ lo rán nǹkan yìí sí mi? Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, ó kàn ń pariwo, ó ń pọ ìwé, kò kí ẹnikẹ́ni! Èmi ni mo ń yọ wáyà rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí, ojú sì tì mí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo gbàgbé tèmi sílé. Lójú ẹsẹ̀, mo fi àṣẹ kan ṣáájú ìyókù, kí ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀ pé: "Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá wa. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" kó sì dúró títí ìyá á fi tẹ bọ́tìnì. Kò yọ wáyà mọ́. Ọ̀gá gbà mí síṣẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó jẹ́wọ́ fún ìyá pé fáìlì ń lọ fúnra rẹ̀, pé bó ṣe ń kí i, èmi ń hanrun lórí ẹní. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ẹ̀rọ náà pé kó máa kí mi?"

Ìyá ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ tí mò ń pàṣẹ fún ti pọ̀ báyìí, láti Kpankou dé Okpomèta, gbogbo wọn ló ń kọ́kọ́ kí onílé. Bí mo bá sì yà sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìgbẹ̀bí náà láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ tí àwọn ìyá agbẹ̀bí ń dá ẹ̀rọ lóhùn sókè: "Oo, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀."