Iná Pupa Lójú Ọ̀nà Kerrow

Àwọn ará Bredal máa ń fi Solveig Tveit ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ayé bá parẹ́ lọ́sàn-án, obìnrin yìí á ṣì rí oúnjẹ alẹ́ jẹ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Òun ló ń gbé lẹ́tà àti ẹrù káàkiri àwọn oko tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ Saskatchewan ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́, tí kò sí igi kan tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró. Kí òtútù tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé ni yóò ti wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọn á yẹ bátìrì wò, wọn á pààrọ̀ táyà sí èyí tí eyín rẹ̀ ń di yìnyín mú, wọn á da omi tí kì í dì sínú rádíétọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé àpótí onírin rẹ̀ sí bùùtù. Ṣọ́bìrì wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì onírun wà níbẹ̀ pẹ̀lú wáyà tí wọ́n fi ń jí bátìrì tó kú, àti agolo kan tó kó àbẹ́là àti ìṣáná sí. Láti ìgbà náà títí yìnyín yóò fi yọ́, kò ní jẹ́ kí epo ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ.

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ rì sínú yìnyín lọ́nà oko. Bàbá náà rò pé ilé ò jìnnà mọ́, ó jáde, ó fẹsẹ̀ rìn. Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni wọ́n tó rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ọgbà tirẹ̀ gan-an, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Inú ìyá wọn ni Arlo, àbúrò Solveig, ṣì wà nígbà náà.

Arlo dàgbà tán, ó kó lọ sí Vancouver létí òkun, ó ń dáná ní ilé ìtura kan. Òjò ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀, yìnyín kì í sábà pẹ́ nílẹ̀. Ó wálé ní oṣù kìíní nítorí ọjọ́ ìbí ìyá wọn, bàtà pẹlẹbẹ bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin ológe ló wọ̀ sẹ́sẹ̀. Solveig wo bàtà náà. Ó wọlé lọ, ó gbé bàtà onírun tó ga dé ojúgun jáde, ó fi síwájú rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Kerrow ni ìyá wọn ń gbé, bí ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ sí Bredal. Rédíò ti sọ láàárọ̀ pé ìjì lè jà nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ gaara, oòrùn ń dán lórí yìnyín débi pé ó ń gún ojú. Solveig ní kí àwọn dúró di ọjọ́ kejì. Arlo ní ọjọ́ kejì lòun máa wọ bàálù padà. Nígbà tó ń gbé kéèkì ìyá wọn sí bùùtù, ó rí àpótí náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyá là ń lọ kí ni, àbí ẹ ń kó kúrò nílé?”

“Ṣé orí tìẹ ni mo gbé e lé? Wọlé jókòó.”

Ọkàn ìyá wọn ti ń rìn kiri láti bí ọdún mélòó kan. Ó jẹ kéèkì díẹ̀, ó di ọwọ́ Arlo mú, ó ń wo ojú rẹ̀ títí. Ẹ̀rín wá tàn sí i lẹ́nu.

“Halvor,” ó wí. Orúkọ bàbá wọn nìyẹn. “Ìgbà wo lẹ dé? Ọwọ́ yín mà tutù o.”

Arlo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jìnnà. Solveig kò dúró gbọ́ ìdáhùn kankan. Ó rí i pé òun ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò. Nọ́ọ̀sì tó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà nawọ́ sí apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ojú ọ̀run ti ṣú bí ògiri eérú, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n sùn síbẹ̀. Arlo ní àwọn á ti délé kó tó dé. Solveig wo ògiri náà, ó wo ọ̀nà. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Síbẹ̀, kò fẹ́ sun abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú orúkọ tí ìyá wọn pè yẹn, ó sì ṣíná sí ọkọ̀.

Wọn kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọn. Yìnyín kọ́kọ́ ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò funfun, ó ń gba ojú ọ̀nà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tó yá, ó gbéra nílẹ̀. Ọ̀nà parẹ́, lẹ́yìn náà ni iwájú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ parẹ́. Solveig rọra ń wọ́ lọ bí ẹni ń fọwọ́ tá ògiri nínú òkùnkùn, títí táyà apá ọ̀tún fi já sínú kòtò, tí ọkọ̀ sì fẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa. Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tó lè jáde àyàfi bí ìjì bá dáwọ́ dúró, pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má ṣe kúrò nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Solveig so okùn mọ́ ìbàdí, ó so ẹnu kejì mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sílẹ̀ lọ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù èéfín. Nígbà tó wọlé padà, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti dì pọ̀. Ó ṣàlàyé fún Arlo pé bí yìnyín bá dí páìpù yẹn tí ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ ni èéfín yóò padà sí. Kò ní òórùn. Oorun ló máa ń fi gbé èèyàn lọ. Nítorí náà, ìgbà díẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́, á sì pa á. Ó tan àbẹ́là sínú agolo, ó sì ṣí fèrèsé díẹ̀. Ó ní kí Arlo bọ́ bàtà, nítorí òógùn ti mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tutù, kó sì ki ẹsẹ̀ sínú búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó gba bàtà náà, ó tì í sábẹ́ ìjókòó ara rẹ̀.

Ojúmọmọ kò tí ì lọ tán nígbà tí Arlo rí iná. Iná pupa méjì ni, wọ́n rẹlẹ̀, wọ́n ń hàn, wọ́n ń pa rẹ́, níwájú wọn lójú ọ̀nà.

“Ilé nìyẹn,” ó wí. “Ẹ wò ó. Ẹ gbé bàtà mi fún mi.”

Solveig wò ó dáadáa. Ojoojúmọ́ ló ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, kò sí ilé kankan níbẹ̀.

“Kì í ṣe ilé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Ẹnì kan há bíi tiwa.”

“Ṣé kò wá yẹ ká lọ bá a?”

“Arlo, o kò ní débẹ̀.”

Ó tẹ fèrè ọkọ̀ gùn-ún. Wọ́n fetí sílẹ̀. Láàárín ariwo afẹ́fẹ́, fèrè kan dáhùn, ó jìnnà, ó sì tín-ín-rín. Inú Solveig dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún dáhùn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn fún ìgbà díẹ̀. Nígbàkígbà tó bá tún jáde lọ gbẹ́ ẹnu páìpù, ó máa ń wo apá ibẹ̀, ìrònú kan náà ló sì máa ń wá sí i lọ́kàn, tí kò sọ jáde. Arlo ló bá a sọ ọ́.

“Iná yẹn ò kú láti ìgbà tí a ti rí i. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò sinmi. Ṣé òun náà ní ṣọ́bìrì bíi tiyín?”

Solveig tẹ fèrè. Wọ́n dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ló dáhùn.

“Ẹ fún mi ní bàtà mi.”

“Mi ò fún ẹ.”

“Èèyàn ń kú níbẹ̀ yẹn!”

“Bí o bá jáde, ẹ máa di méjì.”

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Arlo ti ta ilẹ̀kùn ṣí, ó bẹ́ sílẹ̀ tòun ti ìbọ̀sẹ̀. Yìnyín dà wọlé, àbẹ́là kú. Solveig gbá okùn mú, ó tẹ̀ lé e. Kò rí i. Ó ké orúkọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ já ohùn náà gbà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó kúnlẹ̀, tó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri, ló tó kan èjìká rẹ̀. Kò ju ibi tí apá méjì lè gùn dé sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọjú sí inú pápá, ó ń rá lọ síbi tí kò sí nǹkan kan. Ó fi okùn fà á padà bí ẹni ń fa ọmọ màlúù. Nínú ọkọ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ti gan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ náà sábẹ́ aṣọ ara rẹ̀, sí ikùn. Nígbà tí wọ́n tún wo iwájú, òkùnkùn ti ṣú, iná pupa kò sí mọ́.

Ìjì náà dáwọ́ dúró nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Katakata tó ń kó yìnyín ló kọ́kọ́ dé, ọlọ́pàá tẹ̀ lé e. Wọ́n wú ọkọ̀ tó wà níwájú jáde bí ẹni wú iṣu lébè. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, Wendell Prychun, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ti kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Epo ọkọ̀ ti tán. Yìnyín tó wà lẹ́nu páìpù le bí òkúta.

Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé fún Arlo. Kò lè wọ bàálù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ilé Solveig ló wà. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n pọ̀, wọn kò sì dárúkọ ọ̀nà Kerrow. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyàwó Wendell wá kan ilẹ̀kùn. Nadine lorúkọ rẹ̀. Ó jókòó láìbọ́ kóòtù, ó ní ọlọ́pàá sọ pé àwọn ni wọ́n wà nítòsí jù, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí.

Solveig sọ fún un nípa iná, ó sọ nípa fèrè.

“Ó dá yín lóhùn?”

“Ó dá wa lóhùn.”

Arlo gbé ojú sókè níbi tó na ẹsẹ̀ sí. “Mo fẹ́ lọ bá a,” ó wí. “Ẹ̀gbọ́n mi gba bàtà mi mọ́ mi lọ́wọ́.”

Solveig kò gbèjà ara rẹ̀. Ó ti rò ó tán láti ọjọ́ yẹn, àti bí wọn ì bá ti kú sí pápá, àti bó ṣe lè jẹ́ pé okùn kan tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ì bá gba ọkùnrin náà là. Ibi méjèèjì ni ìrònú náà máa ń já sí, kò sì fi í sílẹ̀ lójú oorun.

Nadine wo ẹsẹ̀ Arlo tí wọ́n dì, ó wo Solveig.

“Mi ò lè sọ pé ẹ ṣeun, ìyá,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Mi ò sì lè bú yín. Ẹ ṣáà tún ti fèrè yẹn sọ fún mi.”

Solveig sún àga rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.