Èsì Tí Ọkọ Mi Fún Dókítà

Ọkọ mi kì í ṣàìsàn. Bí ẹ bá bi í pé báwo ni ara, á ní, "A dúpẹ́." Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò há a ní ìka, tí èékánná rẹ̀ di dúdú, "a dúpẹ́" náà ló fi dá aládùúgbò tó kí i lóhùn. Mi ò bá a jà sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nílé wọn nìyẹn: ẹni tó bá kí ọ, ọpẹ́ lo máa fi dá a lóhùn, kì í ṣe ìròyìn ara ríro.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń gbé ní Baṣọ̀run tí wọ́n sì ń ta irin ìkọ́lé ní Challenge, tún le jù ú lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ti ìrun bọ̀, wọ́n yà sílé wa ní Akobo. Mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, òógùn bo iwájú orí wọn, bẹ́ẹ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ìta tutù nini.

"Ẹ̀gbọ́n, ara yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ìyàwó wa. Alihamudulilahi."

Ọwọ́ wọn wà láyà, wọ́n ń pa á. Wọ́n ní ẹ̀wà tí àwọn jẹ láàárọ̀ ni ò tíì lọ sílẹ̀. Mo bu omi fún wọn, wọ́n mu ún, wọ́n súre fún mi, wọ́n lọ. Wọn ò délé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Baṣọ̀run, wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọn ò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. A sin wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mi ò sunkún. Mo se oúnjẹ fún àwọn tó wá kí wa, mo tẹ́ ẹní, mo to bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń yìn mí pé obìnrin bí ọkùnrin ni mí. Ọkàn akin kọ́ o, ara mi ló kú. Mo fọ ife tí ẹ̀gbọ́n fi mu omi, mo dojú ẹ̀ dé, nígbà tó yá mo tún gbé e, mo tún fọ̀ ọ́. Gbogbo ẹni tó jókòó sí pálọ̀ wa ló ń sọ nǹkan kan náà: "Wọn ò ṣàìsàn rárá! Èmi gan-an bi wọ́n pé ara ńkọ́, wọ́n ní a dúpẹ́." Mo ń gbọ́ wọn bí ẹni ń gbọ́ rédíò aládùúgbò.

A ò tíì ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán dáadáa tí mo fi bá ọkọ mi lórí àtẹ̀gùn yẹn. Irin kan náà ló dì mú. Mo sì ti rí i pé ìrọ̀rí kan kò tó o sùn mọ́, tèmi náà ti bọ́ sábẹ́ orí rẹ̀. Mo ní ká lọ sí ọsibítù.

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé nǹkan ń ṣe mí ni? Má fẹnu ẹ pe àìsàn lé mi lórí."

"Ó dáa. Tí ẹ ò bá wọ mọ́tò, èmi náà ò ní wọ kíṣìnnì."

Ó rò pé eré ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti mu gaàrí títí tó sú u, ó wo ojú mi, ó wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ebi lágbára ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Èmi ni mo wa mọ́tò lọ sí ọsibítù kan ní Jericho. Nọ́ọ̀sì di nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tú u, ó tún un dì. Dókítà tó kàn wá jẹ́ ọmọbìnrin kékeré, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Báwo ni ara yín?"

Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Ó ti kí àgbà, àgbà sì dáhùn.

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ṣé àyà máa ń dùn yín, sà?"

"Ọlọ́run ń ṣọ́ wa."

"Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn ńkọ́, ṣé ẹ máa ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

"Ọjọ́ orí ni, ọmọ mi. Ìwọ náà á dàgbà."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbé bírò, ó fẹ́ kọ ohun tó gbọ́. Wọ́n kọ́ èmi náà nílé: aya kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì ti rí ọ̀kan tí a sin.

"Irọ́ ni," mo ní. "Dókítà, irọ́ ló ń pa fún ẹ."

Mo sọ ti àtẹ̀gùn, mo sọ ti ìrọ̀rí, mo sọ ti ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀wà tí kò lọ sílẹ̀. Ohùn mi ò gbọ̀n, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n rán an lọ́jà. Ọkọ mi ń wò mí bí ẹni pé mo bọ́ṣọ lára rẹ̀ láàárín Dùgbẹ̀. Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, mi ò kí yín o. Mò ń bi yín ni."

Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀.

"Ó ń dùn mí," ó ní. "Ó ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo sọ fún. Wọ́n ní tiwọn náà ń dùn wọ́n. Àwa méjèèjì bá fi ṣe àṣírí, a ní ká má dẹ́rù ba àwọn ìyàwó."

Ìgbà yẹn ni omijé tó ti kọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú wá bọ́ lójú mi, kò sì dúró. Ọmọ náà yíjú sí mi.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ó wà," mo ní.