Ògiri Àdìjá

Èmi ni mo ń ṣe irú ládùúgbò wa ní Adido, nílùú Ṣábẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ ìtàn Àdìjá fún yín bí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èèpo tí mò ń dànù lẹ́yìnkùlé ló fi gba ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí Moustapha ọkọ rẹ̀ kú, ilé alámọ̀ kan ló fi sílẹ̀, èyí tí àwọn méjèèjì fi ọwọ́ ara wọn mọ. Kò pẹ́ tí Issa, àbúrò ọkọ, fi bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé òjò ọdún yìí ni yóò wó o, pé kí Àdìjá kó wá sí agboolé, kó wá gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ẹbí gbè é lẹ́yìn. Àdìjá bẹ̀ wọ́n pé kí òjò kọjá ná.

"Tí ògiri kan bá wó, mò ń bọ̀ lágboolé," ló wí. "Tí kò bá wó, ẹ fi mí sílẹ̀ nílé mi."

Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi.

"Ìyá Laure, èèpo irú yìí, ṣé ẹ fẹ́ lò ó?"

"Kí ni mo fẹ́ fi èèpo ṣe?"

Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ, èèpo gígùn líle tó máa ń bo hóró irú lórí igi. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó sè é títí omi náà fi pọ́n, tó sì ki. Ìyá rẹ̀ ní Bessé máa ń fi í kun ilẹ̀ ilé kí eruku má baà sọ. Àdìjá ní ohun tó di ilẹ̀ mú yóò di ògiri náà mú.

Issa yà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ara ń ro òun. Ó rí ìkòkò, ó ṣebí àgbo ni, ó bu ife kan, ó dà á sẹ́nu láìbéèrè. Ẹnu rẹ̀ kákò! Ó tu ú, ó sì ń tutọ́ títí dé títì. Mo rẹ́rìn-ín títí irú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

"Ìyàwó, kí lo ń sè yìí?"

"Bàbá Kékeré, oúnjẹ ògiri ni. Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa jẹ níbẹ̀."

Àdìjá fi omi náà kun ògiri, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún un kùn, títí ó fi ń dán. Àmọ́ èèpo tán kó tó kan ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé.

Òjò ńlá ọdún náà dé, àgbàrá ń wọ́ bọ̀ láti orí òkè. Nígbà tó dá, ilé ìwẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Issa kó ẹbí wá.

"Ògiri kan ti wó, ìyàwó. Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́."

"Èyí tí mi ò kùn ló wó," Àdìjá dáhùn. "Ẹ fọwọ́ kan èyí tí mo kùn."

Bàbá Oyèlékè, olórí ẹbí, fi èékánná ha ògiri ilé. Kò hó. Omi ò wọ ibì kankan.

"Issa, ilé ìwẹ̀ kì í ṣe ilé," ló wí. "Fi obìnrin yìí sílẹ̀ nílé rẹ̀."

Omi bọ́ lójú Àdìjá. Èmi ni mo hó yèè, orí mi wú bí ẹni pé ọwọ́ mi ló kun ògiri náà.

Issa ò tíì lọ. "Ìyàwó," ló wí pẹ̀lẹ́, "òjò ti ń jẹ ògiri tèmi náà. Ṣé èèpo ṣì kù?"

Kí Àdìjá tó lanu, mo ti dá a lóhùn: "Ó ti tán, àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ni èèpo ti ń wá. Lọ mọ ilé ìwẹ̀ ìyàwó yín padà ná!"

Ó mọ ọ́n, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, Àdìjá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó ń júwe ibi tí ògiri ti wọ́ fún un.