Akọni Méjì, Aṣọ Kan

Mo ṣí àpótí aṣọ lánàá, òórùn káfúrà inú rẹ̀ sì gbé mi padà sí pálọ̀ wa ní Ìkìrun, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Dádì mú fíìmù méjì bọ̀ láti Òṣogbo.

Akọni kan náà tó ń fò ló wà nínú méjèèjì, pẹ̀lú aṣọ pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú yàtọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀run bí ẹni ń gbafẹ́. Ẹnì kejì fajú ro bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù rù lójijì.

"Dádì, èwo ni ayédèrú?"

"Kò sí ayédèrú níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ò lè wá mọ́, ni wọ́n bá gbé aṣọ rẹ̀ wọ ẹlòmíì."

"Ṣé aṣọ náà wá bá a mu, sà?"

Dádì rọra ká apá bùbá wọn tó gùn bo ọwọ́ sókè. Káfúrà ń ta sánsán lára rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé bàbá tó bí mi ló ni bùbá yẹn, àti pé àbúrò wọn ni Dádì.

"Ó ń gbìyànjú," ni wọ́n wí.

Mo tún wo ẹnì kejì dáadáa. Mo ní tí mo bá ń já bọ́ látòkè, òun ni kó wá gbé mi.