Ivor Prewett, Asáréjíṣẹ́ Kellerton

Ẹni tó bá mọ Ivor Prewett ní Kellerton, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ojú rẹ̀. Ọdún méjìlélógún gbáko ló fi sáré lórí pápá yẹn, kì í sì í ṣe pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù o. Iṣẹ́ ló ń jẹ́. Kóòṣì á wà lókè lọ́hùn-ún nínú yàrá onígíláàsì, á fi fóònù bá Ivor sọ̀rọ̀ níbi tó jókòó sí létí pápá, Ivor á sì já wọ àárín eré pẹ̀lú ẹ̀wù yẹ́lò rẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ sétí ẹni tí wọ́n rán an sí, á sáré jáde. Bọ́ọ̀lù tiwa yìí, tí a ń fi ọwọ́ mú tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá, pápá rẹ̀ fẹ̀ débi pé bí kò bá sí asáréjíṣẹ́, kóòṣì kàn ń pariwo mọ́ gíláàsì lásán ni.

Òun náà ti gbá a rí nígbà èwe. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló bá ikọ̀ àgbà jáde kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀. Ló bá padà sídìí iṣẹ́ páìpù omi tó kọ́, ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó sì ń retí ọjọ́ Àbámẹ́ta bí ọmọ ṣe ń retí ọdún. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fi ń yangàn nílé ọtí: "Ẹnu kóòṣì lẹnu mi. N kì í fi kún un, n kì í yọ kúrò níbẹ̀." Òótọ́ sì ni. Bí Ivor bá sọ fún agbábọ́ọ̀lù pé kó lọ dúró lórí igi, ẹni yẹn á kọ́kọ́ gun igi ná kó tó béèrè ìdí. Kì í sẹ́ni tó ń bá Ivor jiyàn, nítorí kò purọ́ rí.

Ẹni tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Darcy Hannaford. Òun ló rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó lọ tún páìpù ṣe nílé Clem Hannaford, òpópónà kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ló bá rí ọmọ Clem, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá òrùlé, tó tún ń sáré yí ilé ká lọ mú un kó tó balẹ̀. Ivor fi páìpù sílẹ̀ kí omi máa ya. Ó mú ọmọ náà lọ sí ọgbà ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Darcy ti di balógun ikọ̀, ó ti gbá a ju ọ̀ọ́dúnrún ìgbà lọ, kò sì gba ife kankan rí. Kellerton ò níre ife.

Ọdún tí mò ń sọ yìí tún wá burú jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin líìgì ìgbà náà fún yín, torí òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Bí ọdún bá parí, wọ́n á to àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọṣẹ́ bọ́ọ̀lù jọ, ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú. Ẹgbẹ́ tí kò bá sì borí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, méjì ni yóò mú kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀kan. Àánú aláìní ni wọ́n ṣe. Làwọn aláìní wá bẹ̀rẹ̀ sí fa aṣọ ara wọn ya kí wọ́n lè rí wọn bí aláìní. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, èmi ò ní pè é lórúkọ mìíràn.

Kellerton ti borí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ọmọ kan sì wà ní ìlú Perth, Brierley lorúkọ rẹ̀, tí itọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ń dà sí. Bí Kellerton bá borí lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó di kí wọ́n máa wo ọmọ náà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n fìdí rẹmi o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kì í sọ bẹ́ẹ̀. Alága ẹgbẹ́ kàn wá mu tíì pẹ̀lú wọn lọ́jọ́bọ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wo iwájú o, ẹ̀yin èèyàn mi." Gbogbo wọn sì mọ ibi tí iwájú wà.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn náà ni Darcy fẹ́ fi dágbére fún bọ́ọ̀lù. Ó ń di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá ìmúra nígbà tó pe Ivor.

"Ivor, sún mọ́ mi. Má jẹ́ kí wọ́n yọ mí lónìí o. Bí fèrè ìkẹyìn bá máa dún, orí pápá ni kó bá mi."

"Ta ló fẹ́ yọ ẹ́? Ta ló tún kù fún wa yàtọ̀ sí ìwọ arúgbó yìí?"

"Má fi mí ṣeré. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n. Bàbá mi wà láàárín èrò lókè yẹn. Dókítà ní kó má wá, àyà ẹ̀ ò gbà á, ó ní kí dókítà lọ jókòó. Mo fẹ́ kó rí mi níbi tí a ti borí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn nìkan."

"Mo gbọ́," ni Ivor wí. "Ọwọ́ mi rèé." Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn ará Port Hallam ni wọ́n kojú. Eré ò tíì le tí fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí dún. Neil Stothers, kóòṣì Kellerton, ní kí Vlahos, òmìrán tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, lọ síwájú, níbi tí kò dé rí láyé rẹ̀. Ivor jẹ́ iṣẹ́ náà.

"Ṣé ó ti mutí ni?" ni Vlahos bi í.

"Mo jẹ́ ẹ ni, n ò dá a."

Kóòṣì tún mú ẹni tó kúrú jù nínú wọn, ó ní kó lọ máa bá àwọn gíga fò sí bọ́ọ̀lù. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣépè. Síbẹ̀, Darcy Hannaford ò gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yìí ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé nílé, ó ń já bọ́ọ̀lù gbà, ó ń gbá a wọlé. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Kellerton ń fi àmì mọ́kànlá ṣíwájú. Fóònù dún.

"Yọ Darcy," ni Stothers wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Itan ẹ̀ ń dùn ún."

"Itan ẹ̀ kẹ̀? Kóòṣì, ṣé Darcy kan náà la jọ ń wò?"

"Ivor, mo ní itan ẹ̀ ń dùn ún."

Ivor sáré wọlé, ó jẹ́ ẹ. Darcy tutọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un pé itan mi ní kí n kí i." Ó sì sá lọ. Ó jọ pé Ivor mí kanlẹ̀ bó ṣe ń padà bọ̀. Ó gbé fóònù, ó ní, "Ó kọ̀."

Ohùn Stothers rọ̀. "Ivor, ìwọ lo tọ́ ọ dàgbà nínú bọ́ọ̀lù. Ìwọ lo mọ ohun tó lè gbé e kúrò níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ yìí ni mò ń sọ, kì í ṣe ọ̀sán òní. Wá nǹkan kan sọ fún un. Ìwọ náà ronú sí i."

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ivor lè ní fóònù ò já geere. Ó lè ṣe bí ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ fà. Àní ó lè kàn jókòó! Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ba ọkùnrin náà jẹ́: fún ọdún mọ́kànlélógún, kò sẹ́ni tó ní kó mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá rí. Òní ni kóòṣì ní kó ronú sí i. Orí rẹ̀ wú. Ó rò ó wò, ó rí ọmọ Perth nínú ẹ̀wù Kellerton, ó rí ife lójú ọkàn rẹ̀, ó ní inú Darcy á rọ̀ tó bá yá. Ó dìde.

"Darcy! Bàbá ẹ. Ó ti ṣubú lulẹ̀ lókè yẹn."

Darcy ò bi í léèrè ohunkóhun. Ta ló ń bi Ivor léèrè? Ojú rẹ̀ kàn funfun, ó sì sáré jáde ní pápá, ó fo irin tó yí pápá ká kọjá, ó ń gba àárín èrò gòkè. Àwọn èrò rò pé ó fara pa ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Port Hallam gbá méjì wọlé, àmì mẹ́fà-mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì kan ni wọ́n fi borí.

Láti ìsàlẹ̀, Ivor ń wo òkè. Ó rí Clem lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú rédíò létí àti páì ẹran lọ́wọ́, kò ṣubú, kò rọra yẹ̀ pàápàá. Ó rí Darcy tó dúró gbagidi níwájú rẹ̀. Darcy yíjú, ó wo pápá, ó wá ẹ̀wù yẹ́lò rí, ó sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó gbé apá kọ́ ọ lọ́rùn. Ibẹ̀ ni fèrè ìkẹyìn bá a.

Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ń dágbére, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé e lé èjìká jáde. Nígbà tí Darcy sọ̀ kalẹ̀, Vlahos àti ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ó tì wọ́n sẹ́yìn.

"Ẹ gbé Ivor," ló wí. "Òun ló borí."

Kò tún bá Ivor sọ̀rọ̀ mọ́. Brierley dé láti Perth lóòótọ́, ọmọ dáadáa ni, ó bọ Ivor lọ́wọ́. Orúnkún ọmọ náà já níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọkànlá, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n ti lé Stothers kí ọmọ náà tó lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, ó sanra. Ivor sì rí i pé nígbàkigbà tó bá jẹ́ iṣẹ́ lórí pápá, agbábọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ wò ó lójú, á ní, "Ṣé òótọ́ ni?" Ó fara dà á fún ọdún kan. Ló bá bọ́ ẹ̀wù yẹ́lò sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e padà wọ̀.

Clem nìkan ni kò yí padà sí i. Bí ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ bá ti ń kán, Ivor ló ń ránṣẹ́ sí, ìtàn kan náà ló sì ń sọ.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀, Ivor, o rí i. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn ayé ẹ̀! Mo ní, 'Kí lo wá ṣe níbí, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́?' Ó ní, 'Dad, mo fẹ́ bá yín wo ìparí ẹ̀ ni.' Ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá ẹ̀?"

Darcy ò sọ òótọ́ fún un. Ó fi ọ̀rọ̀ yẹn dáàbò bo bàbá rẹ̀, ó sì ń bo Ivor náà láṣìírí láìfẹ́.

"Kò sí, bàbá," ni Ivor máa ń dáhùn, tòun ti orí lábẹ́ síǹkì.

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú òtútù, orí rẹ̀ wà lábẹ́ síǹkì náà nígbà tó gbọ́ gbì. Clem wà nílẹ̀ láàárín àga àti tábìlì, àwọ̀ rẹ̀ ti yí. Ivor pe áńbúláǹsì. Ó pe Darcy.

"Darcy, Ivor ni. Bàbá ẹ. Ó ti ṣubú."

Darcy rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun. "Àmì mélòó la fi ń ṣíwájú, Ivor?" Ó gé fóònù.

Ivor pè é padà. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. "Jọ̀ọ́," ló ń wí fún fóònù tó ń dún lásán, "jọ̀ọ́, ọmọ mi, jọ̀ọ́." Clem di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú láti ilẹ̀.

"Ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀, bàbá."

"Bí n ò bá dúró dè é... sọ fún un pé ọjọ́ tó wá jókòó tì mí yẹn, ó tó mi. Kò sí ife tó jù ú lọ. O gbọ́? Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó o sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ló wá pe Darcy láti ọsibítù, ìyẹn ló sì gbà gbọ́. Ó bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n ti fà bò ó lójú. Ivor dìde lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Darcy, ó rán mi sí ẹ."

Darcy gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dí bọ́ọ̀lù. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Má sọ ọ́. Ohun yòówù kó jẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun ló sọ ọ́?"

Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ivor jókòó padà. Kò fi kún iṣẹ́ náà, kò yọ kúrò níbẹ̀, kò sì rẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.