Ọwọ́ Tó Tún Dùùrù Ọ̀gá Ṣe

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń bẹ iṣu lọ́wọ́ nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan. Ọmọ ọmọ mi obìnrin mi orí sí i, ó ní, "Màmá, kíbọ́ọ̀dù yìí dùn o." Ohun tí olóòtú orí rédíò náà ń sọ nìyẹn. Ó ní ohùn dùùrù olóògbé tó kọ orin náà ló yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn olórin Ìbàdàn ayé ìgbà náà, pé kò sí ẹni tó mọ bó ṣe rí i ṣe. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Èmi mọ bó ṣe rí i ṣe. Orin náà ò tíì dé ìdajì tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè bẹ iṣu náà mọ́.

Wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀ òkú ní burúkú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni Àǹtí Muína. Agbo ilé wa ní Oníyanrìn ló ń gbé, àmọ́ Bẹẹrẹ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá tóóró kan láàárín ẹni tó ń rán fìlà àti ẹni tó ń ta àtùpà. Rédíò ló ń tún ṣe níbẹ̀. Ohun ìyanu ni obìnrin bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn mìíràn á ní bátìrì làwọn wá rà, tó jẹ́ pé wọ́n kàn wá wò ó ni. Ìbòrí rẹ̀ á wà lórí, irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé á wà lọ́wọ́, èéfín rẹ̀ á máa ta èèyàn nímú. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn ju ti àkàrà lọ. Bí mo bá ti iléèwé dé, abẹ́ tábìlì rẹ̀ ni mo ń forí lé, n óò ṣa èérún òjé tó bọ́ sílẹ̀, n óò fi ṣe òrùka fún ara mi.

Ọ̀gá olórin kan wà ní Ìdí Arère. Ó ra dùùrù oníná kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin tó ti tú ká, ẹ̀rọ àlòkù tó wúwo, tí inú rẹ̀ kún fún pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi òjé lẹ èròjà wẹ́wẹ́ mọ́. Ó ti yadi nígbà tó gbé e dé Bẹẹrẹ. Gbogbo ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ló ti sá fún un, ìdí nìyẹn tó fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin. Àǹtí mi tú u palẹ̀. Ó ń yẹ pátákó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ èròjà tó jóná, ó ń fi èyí tó bọ́ lára òkú rédíò rọ́pò, títí ẹ̀rọ náà fi fọhùn.

Iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn sukúrù kéékèèké kan wà lára pátákó wọ̀nyẹn tí kò di nǹkan kan mú. Bí èèyàn bá yí wọn síhìn-ín, ohùn á gòkè. Bó bá yí wọn sọ́hùn-ún, á rẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà kì í dúró lójú kan àfi bí inú ẹ̀rọ bá ti gbóná tán. Nítorí náà, Àǹtí Muína á tàn án sílẹ̀, á jẹun, á lọ kírun Àílà, kó tó wá mú sukudiráfà.

Ọjọ́ tí ọ̀gá wá gbé e, Àǹtí mi bá a sọ ọ́. "Ẹ tàn án sílẹ̀ kó gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o. Bó bá tutù, irọ́ ni yóò máa pa."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lórin?"

Ibi ìkómọ kan ní Ọ̀rányàn ló gbé e lọ. Bó ṣe tàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Bí inú ẹ̀rọ ti ń gbóná ni ohùn rẹ̀ ń yẹ̀ kúrò lórí ti gìtá, àwọn àlejò sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ iṣẹ́ olórin: ẹni tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kì í, ẹni tó bá bí i nínú, á fi orin bú u. Orí ìjókòó níbẹ̀ ló ti dá orin bú Àǹtí mi:

Ẹ má gbé rédíò f'óbìnrin o,
Ọbẹ̀ ni yóò fi sè.

Kò pẹ́ tí gbogbo Bẹẹrẹ fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ bọ̀ láti Màpó, wọ́n ń kọ ọ́ mọ́ mi ní iléèwé. Mo gé ọmọ kan jẹ létí nítorí rẹ̀, n kò sì tọrọ àforíjì títí dòní. Àwọn oníbàárà wá ń kó rédíò wọn lọ, èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ àti èyí tí kò tíì sọ̀rọ̀, wọn kì í wo ojú Àǹtí mi. Bàbá mi ní kó ti ṣọ́ọ̀bù pa, kó lọ máa ta búrẹ́dì. Síbẹ̀, àràárọ̀ ni Àǹtí mi ń ṣí i, á gbálẹ̀, á jókòó ti tábìlì òfìfo. Èmi ni mo ń gbàdúrà ẹ̀san fún un, mo sì ń fi gbogbo ọkàn gbà á.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fa ẹ̀san náà wá. Onígìtá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Ó ní ọ̀gá tú ìdérí dùùrù, ó rí àwọn sukúrù kéékèèké yẹn, ó ní, "Ẹ wò ó, obìnrin yìí ò tilẹ̀ mú wọn le." Ló bá yí gbogbo wọn le pinpin. Láti ìgbà náà ni dùùrù ti ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà nírù, bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó ńlá kan ń dúró dè é ní Gbọ̀ngàn Màpó. Ó wá rán onígìtá kó wá bẹ Àǹtí mi.

"Ẹ ní kó gbé e wá fúnra rẹ̀," ni Àǹtí Muína wí.

Ó gbé e wá. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ bá mi wò ó," ló wí, ẹni tó ń pè é ní ìwọ níjọ́sí. Àǹtí mi ò mẹ́nu kan orin. Ó ní inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn, kí wọ́n gbé tábìlì síta. Ó ní ọwọ́ òun méjèèjì máa wà nínú ẹ̀rọ, ẹnì kan ní láti máa bá òun tẹ̀ ẹ́. Onígìtá sún mọ́ ọn.

"Rárá, ẹni tó ni dùùrù ni."

Mo sọ sí Àǹtí mi létí pé kó yí ọ̀kan sódì, kó lè dójú tì í ní Màpó. Ó wò mí títí. "Dùùrù kọ́ ló bú mi," ló wí.

Báyìí ni ọ̀gá ṣe jókòó sórí àpótí kékeré létí títì, tòun ti agbádá, nínú oòrùn. "Ẹ tẹ ti ìsàlẹ̀." Á tẹ̀ ẹ́. "Ẹ tẹ ti òkè." Á tẹ̀ ẹ́. "Ti ìsàlẹ̀ yẹn náà." Òógùn bò ó. Èrò pé lé e lórí, àwọn tó ti kó rédíò wọn lọ wà láàárín wọn. Nígbà tí ìrun tó, Àǹtí Muína ní kó jókòó ti ẹ̀rọ náà kó má baà tutù. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tó wà lórí iná nílò ẹni tí yóò jókòó tì í. N kò bi í rí. Ìgbà tó lọ kírun ni mo dá orin tèmi:

Ẹ gbé dùùrù yín f'óbìnrin o,
Ọ̀gá ni yóò bá a tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ọmọ gbà á lẹ́nu mi, wọ́n gbé e dé Ọjà'ba. Ọ̀gá ò lè dìde. Mo rí ojú rẹ̀, ó dùn mọ́ mi, ó sì ń dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Dùùrù náà ò yẹ̀ ní Màpó. Àwọn rédíò padà sí ṣọ́ọ̀bù díẹ̀díẹ̀. Ohùn yẹn ni ọ̀gá fi ṣe àwo orin tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀, ó sì to orúkọ gbogbo ẹni tó bá a ṣe é sẹ́yìn àwo, títí kan ẹni tó ń gbé ẹrù. Ti Àǹtí mi ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí orin èébú yẹn títí tí àwọn méjèèjì fi kú.

Mo gba Bẹẹrẹ kọjá láìpẹ́ yìí. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, ọmọbìnrin kan ló sì jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dúró wò ó. Àwọn ọmọ àdúgbò ò mọ orin ọ̀gá, wọn ò mọ tèmi. Òórùn òjé nìkan ni kò yí padà, àti ohùn dùùrù yẹn lórí rédíò, tó ṣì dúró síbi tí Àǹtí mi fi í sí.

Olóòtú pe orúkọ ọ̀gá títí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi mọ orúkọ yẹn, mo mọ oríkì rẹ̀. Ẹ padà sókè nínú ohun tí mo kọ yìí kí ẹ wá a, ẹ ò ní í rí i. Muínátù Àbẹ̀kẹ́ ló tún dùùrù náà ṣe.